Ẹ Mọ Iye tí Àpò Gàrí Kan Ná Yín: Bí A Ṣe Ń Ṣètò Owó Ilé Iṣẹ́ Gàrí Kékeré ní Èkìtì

Gàrí tán nílẹ̀, àwọn oníbàárà sanwó, síbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ mìíràn dé ẹnu ọ̀nà, owó tí a máa fi já ẹrù rẹ̀ kò pé. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń yan gàrí ní Adó, Ìkẹ́rẹ́, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé ló mọ ọjọ́ yẹn dáadáa. A máa ń ní ọjà ló dúró, tàbí pé ìlú le. Òótọ́ ni pé ìlú le. Àmọ́ mo ti jókòó ti ìwé owó àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó pọ̀, ti tèmi sì ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ohun kan náà ni mo ń bá níbẹ̀: ẹni náà kò mọ iye tí àpò gàrí kan ná an kó tó gbé e lọ sọ́jà. Iye tí ọjà bá pè ló ń tà á, ó ń ná ohun tó bá wọlé, ojú owó sì ń tán díẹ̀díẹ̀.

Gbogbo iye owó tí mo máa lò nísàlẹ̀ yìí, àpẹẹrẹ ni. Iye ẹ̀gẹ́ àti igi kì í dúró lójú kan, nítorí náà ẹ fi iye tiyín rọ́pò wọn. Bí ẹ ṣe máa ṣe ìṣirò náà ni kí ẹ mú.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ìwé ńlá méjì tí èèpo rẹ̀ le, bírò, àpótí owó tó ní kọ́kọ́rọ́, àkáǹtì báńkì kan tí ẹ kò ní lò fún nǹkan mìíràn, àti fóònù tó lè ṣírò. Ẹ tún nílò òṣùwọ̀n tó lè gbé 100 kílò. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fo òṣùwọ̀n yìí nítorí pé ó ń ná ènìyàn lówó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Bí owó kò bá tó, kí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn wà nítòsí ara wọn dáwó rà á, nítorí láìsí òṣùwọ̀n, ìpele kẹta kò ṣeé ṣe.

Ìpele 1: Ẹ ya owó iṣẹ́ kúrò lára owó ilé

Gbogbo owó gàrí, yálà owó ọwọ́ tàbí tìráńsífà, inú àpótí tàbí àkáǹtì iṣẹ́ ni kó lọ. Ẹ má fi sí abẹ́ ìró, ẹ má sì fi sí àpò ṣòkòtò.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún ara yín ní owó oṣù. Ẹ̀yin náà òṣìṣẹ́ ni yín. Bí ẹ bá lọ bá ẹlòmíràn ṣe irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe yìí, ṣé ọ̀fẹ́ lẹ máa ṣe é? Nínú àpẹẹrẹ wa, ₦60,000 ni olówó iṣẹ́ ń gbà lóṣù. Nínú ₦60,000 yẹn ni oúnjẹ ilé, owó ilé-ìwé ọmọ, aṣọ ẹbí àti ìnáwó òkú ti máa jáde.

Ibi tí a ti máa ń ṣìnà: ìnáwó ẹbí. Bí àna bá kú, tí ẹ̀gbọ́n sì ní kí kálukú mú ₦100,000 wá, kò sẹ́ni tó fẹ́ kójú ti òun, owó ẹ̀gẹ́ la sì máa fà yọ. Mi ò ní kí ẹ má ṣe ojúṣe yín. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ ní àjọ tí ẹ ń dá fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láti inú owó oṣù yín. Bí ó bá sì di dandan kí owó jáde lára iṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí gbèsè tí ẹ̀yin fúnra yín jẹ iṣẹ́, kí ẹ sì san án padà díẹ̀díẹ̀.

Gàrí tí ẹ bù fún ilé ńkọ́? Ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọjà tí ẹ tà fún ara yín, kí ẹ sì sanwó rẹ̀ nínú owó oṣù. Kóńgò kan lónìí, kóńgò méjì fún ìyá ọkọ lọ́la, nígbà tí oṣù bá fi máa parí, ó ti sún mọ́ àpò kan.

Ẹ yẹ ara yín wò: bí ẹnì kan bá bi yín nísinsìnyí pé èló ni owó iṣẹ́ yín, ṣé ẹ lè dáhùn láìyọ owó ilé kúrò lára rẹ̀ kọ́kọ́? Bí ẹ bá lè dáhùn, ẹ kọjá síwájú.

Ìpele 2: Ìwé ojoojúmọ́

Ìwé kìíní wà fún owó tó wọlé àti owó tó jáde. Ẹ fa ìlà sí i: ọjọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀, owó tó wọlé, owó tó jáde, iye tó kù. Ìwé kejì wà fún àwìn nìkan, a ó sì padà sórí rẹ̀.

Owó ńlá kọ́ ló ń sọnù nínú ìwé. Kò sẹ́ni tó ń gbàgbé pé òun ra ẹ̀gẹ́. Owó ọ̀kadà, owó omi, oúnjẹ àwọn tó wá bó èèpo, owó ẹni tó bá wa gbé ẹrù sókè, àwọn wọ̀nyí ló ń lọ láìsí àkọsílẹ̀. Ẹ kọ wọ́n kí ẹ tó san wọ́n. Bó ti wù kó kéré tó, ẹ kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tìráńsífà: ẹ má ṣe kó ọjà fún ẹni tó kàn na fóònù rẹ̀ sí yín pé alẹ́ẹ̀tì ti lọ. Àkáǹtì tiyín ni kí ẹ wò, kí ẹ rí i pé owó ti wọlé, kí àpò tó gun ọkọ̀.

Ẹ yẹ ara yín wò: lálaalẹ́, owó inú àpótí pẹ̀lú owó inú àkáǹtì gbọ́dọ̀ bá iye tó kù nínú ìwé mu. Bí kò bá bá a mu, ẹ wá ìdí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ti gbàgbé.

Ìpele 3: Iye tí àpò kan ná yín

Ibí ni kí ẹ lo àkókò yín jù.

Ohun tí mo ń pè ní ọwọ́ kan ni ẹ̀gẹ́ tí ẹ rà pọ̀, tí ẹ jọ lọ̀, tí ẹ jọ fún omi rẹ̀ jáde, tí ẹ sì jọ yan. Ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ni ẹ máa ṣírò lọ́tọ̀. Ẹ wọn ẹ̀gẹ́ bó bá ṣe ń wọlé, kí ẹ tó bó èèpo rẹ̀. Ẹ wọn gàrí nígbà tó bá tutù tán. Ìwọ̀n méjì yìí ló ń gbé gbogbo ìṣirò dúró.

Ẹ jẹ́ ká mú 1,000 kílò ẹ̀gẹ́:

- Ẹ̀gẹ́: ₦80,000
- Ọkọ̀ láti oko: ₦15,000
- Kíkó ẹrù sókè àti sísọ̀ ọ́: ₦4,000
- Àwọn tó bó èèpo: ₦10,000
- Epo bẹntiróòlù fún ẹ̀rọ: ₦6,000
- Fífi jáàkì fún omi rẹ̀ jáde: ₦3,000
- Igi ìdáná: ₦9,000
- Àwọn tó sẹ́ ẹ, tí wọ́n sì yan án: ₦20,000
- Omi: ₦1,000
- Àpò: ₦2,000

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦150,000. Ẹ̀gẹ́ tútù kílò mẹ́rin sí márùn-ún ló máa ń di gàrí kílò kan, nítorí pé èèpo lọ, omi sì lọ. Nítorí náà, bí 1,000 kílò bá fún wa ní 200 kílò gàrí, àpò mẹ́rin olókílò 50 nìyẹn. Ẹ pín ₦150,000 sí mẹ́rin: ₦37,500.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń dúró. Wọ́n á ní àpò kan ná mi ní ₦37,500, mo tà á ní ₦40,000, mo jèrè ₦2,500. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, ohun tí èmi náà rò nìyẹn, mo sì ń yọ̀. Àwọn owó kan wà tí ó ń jáde lóṣooṣù yálà ẹ yan gàrí tàbí ẹ kò yan án, wọn kò sì sí nínú ìṣirò yìí:

- Owó ilẹ̀ àti ilé: ₦20,000
- Owó oṣù tiyín: ₦60,000
- Àtúnṣe ẹ̀rọ: ₦10,000
- Fóònù àti owó ẹgbẹ́: ₦5,000
- Gbígbó ẹ̀rọ: ₦25,000

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni a kì í rí. Bí ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ẹńjìnnì rẹ̀ bá jẹ́ ₦900,000, tí ẹ sì mọ̀ pé yóò sìn yín fún ọdún mẹ́ta kó tó di irin àlòkù, ₦25,000 rẹ̀ ń jẹ lóṣooṣù. Kò sẹ́ni tó ń béèrè owó náà lọ́wọ́ yín lónìí. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni yóò béèrè gbogbo rẹ̀.

Àpapọ̀ jẹ́ ₦120,000. Bí ẹ bá ń ṣe ọwọ́ mẹ́jọ lóṣù, àpò 32 nìyẹn, ₦3,750 ni yóò kan àpò kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, iye tí àpò kan ná yín gan-an jẹ́ ₦41,250. Ẹni tó tà á ní ₦40,000 pàdánù ₦1,250 lórí àpò kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tà wàràwàrà.

Ẹ wo ohun mìíràn. Ẹ jẹ́ ká ní owó kankan kò yí padà, àmọ́ ẹ̀gẹ́ náà dára, 1,000 kílò fún yín ní 220 kílò gàrí dípò 200. Owó oṣooṣù tó kan ọwọ́ kan jẹ́ ₦15,000, àpapọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ₦150,000 jẹ́ ₦165,000; bí ẹ bá pín in sí àpò 4.4, iye tí àpò kan ná yín yóò sọ̀kalẹ̀ sí ₦37,500. Bí ó bá jẹ́ 180 kílò ló fún yín, yóò gun òkè dé nǹkan bí ₦45,833. Ogún kílò péré ló wà láàárín èrè àti àdánù, kò sì sẹ́ni tó lè fi ojú lásán rí i. Ìdí tí mo fi ń pariwo òṣùwọ̀n nìyẹn.

Nígbà wo ni gàrí máa ń dínkù? Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, tí igi ẹ̀gẹ́ ń rú ewé tuntun, omi máa ń pọ̀ nínú ẹ̀gẹ́, ìyẹ̀fun rẹ̀ a sì dínkù. Ẹ̀gẹ́ tó pẹ́ nílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fà á tu náà ń jẹ owó: bó bá ti kọjá ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ ń dúdú. Nítorí náà, ẹ má ṣe san iye kan náà fún ẹ̀gẹ́ àárọ̀ yìí àti ẹ̀gẹ́ àná-ìjẹta. Ẹ kọ orúkọ oko tàbí ẹni tó ta ẹ̀gẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn oṣù méjì, ìwé yóò sọ fún yín ẹni tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló wọ́n jù.

Bí ẹ bá ń ta èèpo ẹ̀gẹ́ fún àwọn tó ń sin ewúrẹ́, ẹ yọ owó náà kúrò lára owó tí ọwọ́ yẹn ná yín. Bí ẹ bá ń fi epo pupa sí gàrí, ẹ fi owó epo kún un.

Ẹ yẹ ara yín wò: ẹ mú ọwọ́ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn. Ṣé ẹ lè fi ìka tọ́ iye kílò tó wọlé, iye kílò tó jáde, àti iye tí àpò kan ná yín nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan? Bí iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dọ́gba délẹ̀, ẹ tún un wò, nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹ ti fojú díwọ̀n wọn.

Ìpele 4: Iye tí ẹ máa tà á

Ọjà ló ń pè é, mo mọ̀. Ẹnì kan ò lè dá dúró ní Ọjà Bísí kó ní tòun yàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mọ iye tó ná yín, ẹ mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ tà, ìgbà tó yẹ kí ẹ dín ọwọ́ kù, àti ìgbà tó yẹ kí ẹ wá ọjà mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká ní ọjà gbé e dé ₦45,000. Ẹ yọ ₦37,500 tí ọwọ́ náà ná yín kúrò, ó ku ₦7,500 lórí àpò kan. Ẹ fi ₦7,500 pín owó oṣooṣù ₦120,000: 16 ni. Ìyẹn ni pé àpò mẹ́rìndínlógún àkọ́kọ́ lóṣù, owó ilẹ̀ àti ilé, owó ẹ̀rọ àti owó oṣù yín àti àwọn yòókù ni wọ́n ń san. Láti orí àpò kẹtàdínlógún ni èrè ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà yín sára ògiri níbi tí ẹ ó ti máa rí i.

Ìkìlọ̀: àpò kan kì í ṣe àpò kan. Bí àwọn ọmọ iṣẹ́ bá ń kì í títí ó fi yọ orí, tí 54 kílò sì wà nínú àpò tí ẹ pè ní 50, ẹ ti fi gàrí kílò mẹ́rin tọrẹ. Ẹ wọn àpò kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó rán ẹnu rẹ̀.

Ẹ sì máa wo ìgbà. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá gba ìsinmi ní Yunifásítì Èkìtì, ní Pólì Adó àti ní yunifásítì Ọ̀yẹ́, gàrí mímu dínkù. Nígbà tí iṣu tuntun bá sì dé, ará Èkìtì wo ni yóò máa tẹ ẹ̀bà lójoojúmọ́? Iyán ti dé nìyẹn. Ẹ má ṣe ra ẹ̀gẹ́ ní oṣù bẹ́ẹ̀ bí ẹni pé ọjà ṣì gbóná.

Ìpele 5: Àwìn

Ilé-ìwé kan gba àpò mẹ́fà lọ́wọ́ mi láwìn ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Wọ́n ní ìparí oṣù. N kò rí owó náà títí di òní. Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀: àpò mẹ́fà tó ná mi ní ₦41,250 jẹ́ ₦247,500. Bí mo bá ta àpò kan ní ₦45,000, èrè mi lórí rẹ̀ jẹ́ ₦3,750. Mo ní láti ta àpò 66 kí n tó dí ihò yẹn, iṣẹ́ oṣù méjì ó lé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní òfin, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ̀yin náà ní tiyín:

1. Oníbàárà tuntun kò gba àwìn títí yóò fi ra ọjà lówó lẹ́ẹ̀mẹta.
2. Iye tí ẹnì kan lè jẹ yín kò gbọ́dọ̀ ju àpò méjì lọ.
3. Ẹni tó jẹ ti àná kò gba tòní. Kó san èyí tó wà nílẹ̀ ná.
4. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, iye, ọjọ́ tí yóò san án, àti ìfọwọ́sí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé kejì kí àpò tó jáde.

Ó ṣòro láti sọ fún màmá tó ti ń ra ọjà lọ́wọ́ yín láti ọjọ́ pípẹ́ pé kó fọwọ́ sí ìwé. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́: “Màmá, ẹ má bínú, ìwé ni mo fi ń rántí, kì í ṣe pé mi ò gbà yín gbọ́.” Ọ̀pọ̀ nínú wọn a gbà, nítorí àwọn náà ní àwọn tó jẹ wọ́n.

Ẹ yẹ ara yín wò: ẹ ṣe àròpọ̀ ìwé àwìn ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Bí ó bá ju owó ọwọ́ ẹ̀gẹ́ kan lọ, ẹ má ta àwìn mọ́ títí yóò fi sọ̀kalẹ̀.

Ìpele 6: Ọjọ́ mélòó ni owó ń lò níta?

Ẹ ka ọjọ́ láti ìgbà tí ẹ sanwó ẹ̀gẹ́ títí di ìgbà tí owó gàrí rẹ̀ wọlé. Ẹ fi ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ fi wà nínú àpò tó ń kan, ọjọ́ tí ẹ yan án, ọjọ́ tó fi dúró de ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, àti ọjọ́ àwìn kún un.

Bí ó bá jẹ́ ogún ọjọ́, tí ẹ sì ń ra ẹ̀gẹ́ ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, owó ọwọ́ márùn-ún ló wà níta lẹ́ẹ̀kan náà: ₦750,000. Bí ẹ bá lè mú un wá sí ọjọ́ mẹ́jọ, ₦300,000 ti tó láti ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ rò ó wò dáadáa kí ẹ tó lọ yá owó. Ọ̀pọ̀ ìgbà, owó tí ẹ fẹ́ lọ yá wà lọ́wọ́ àwọn tó jẹ yín àti nínú àpò tó ń dúró de ọjà.

Ìpele 7: Owó ẹ̀rọ àti owó yíyá

₦25,000 gbígbó ẹ̀rọ àti ₦10,000 àtúnṣe, ẹ yọ wọ́n sọ́tọ̀ lóṣooṣù. Alájọ ojoojúmọ́ dára fún ẹni tí kò lè mú owó dúró, ṣùgbọ́n owó ọjọ́ kan nínú oṣù jẹ́ tirẹ̀, kò sì sí èlé níbẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mo fara mọ́ fún owó ẹ̀rọ, nítorí pé ẹ lè yá owó níbẹ̀ lórí ohun tí ẹ ti fi pamọ́.

Ní ti owó tí a ń yá, tí a sì ń san padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ṣírò kí ẹ tó fọwọ́ sí i. ₦300,000 pẹ̀lú èlé 5% lóṣù lórí gbogbo owó náà, fún oṣù mẹ́fà, èlé rẹ̀ jẹ́ ₦90,000. Ẹ ó san ₦390,000 padà, ìyẹn ₦15,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 26. Nínú oṣù tí ọwọ́ kan bá ń fún yín ní 180 kílò, tí ọjà sì dúró sí ₦45,000, kò sí èrè tí ẹ máa fi san án, ojú owó lẹ máa fi san án. Ẹni tó wá gba owó ọ̀sẹ̀ kò ní béèrè bóyá omi pọ̀ nínú ẹ̀gẹ́. Ẹ má yá owó ọ̀sẹ̀ wọnú òjò àkọ́rọ̀.

Bí ẹ bá forúkọ iṣẹ́ sílẹ̀ lórúkọ ara yín, owó orí yín ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2026 kò gba owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí òfin ń ka owó orí lé lọ́dún. Ìwé yín ni ẹ máa fi hàn bí wọ́n bá bu iye tí kò yẹ fún yín.

Ìpele 8: Ìparí oṣù

Ẹ ka owó inú àpótí àti ti àkáǹtì. Ẹ ka gàrí tó wà nílẹ̀ ní iye tó ná yín, kì í ṣe iye tí ẹ ń retí láti tà á. Ẹ fi àwìn tí ẹ mọ̀ dájú pé yóò wọlé kún un, pẹ̀lú àpò àti igi tó kù. Ẹ má ka owó ẹ̀rọ tó wà ní alájẹṣẹ́kù mọ́ ọn. Ẹ yọ gbèsè tí ẹ jẹ kúrò. Ẹ kọ iye náà sí ojú ewé tó gbẹ̀yìn nínú ìwé.

Ẹ fi wé ti oṣù tó kọjá. Bí ẹ bá ta àpò 32 ní ₦45,000, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ná yín ní ₦41,250, ó yẹ kí iye náà fi ₦120,000 lé sí i. Bí ó bá jẹ́ pé ₦620,000 ni oṣù tó kọjá, tí ti oṣù yìí sì jẹ́ ₦655,000, ₦85,000 ti gba ibì kan jáde. Ẹ wo ìwé àwìn bóyá àpò kan jáde láìkọ sílẹ̀. Ẹ wo ìwọ̀n àwọn àpò. Ẹ béèrè gàrí tó lọ sílé. Ẹ má ṣí ojú ewé oṣù tuntun títí ẹ ó fi rí i.